Kámù àti kọ̀mpíréṣàn fún Bedford Àlàájì

Ẹ́ńjìnnì ti wà lórí tábìlì, a ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, búlọ́ọ̀kù ti lọ sí ríbóò (kí wọ́n gbẹ́ ẹnu sílíńdà fẹ̀ sí i), ó sì ti dé. Kí n tó ra ohunkóhun mìíràn, ìpinnu méjì ló kù tí ọ̀pọ̀ nínú àwa mẹkáníìkì máa ń ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: irú kámṣáàfù (kámù, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù) tí yóò wọ inú rẹ̀, àti bí kọ̀mpíréṣàn rẹ̀, ìyẹn bí písítìn ṣe ń fún epo àti afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀ tó, yóò ṣe ga tó. Lójú tèmi, ìpinnu kan náà ni. Ẹni tó bá mú ọ̀kan láìwo èkejì, yálà kó máa fi epo ṣòfò, tàbí kó fi písítìn ṣòfò.

Bedford TJ ni lọ́rì Àlàájì, oníbàárà mi, irú èyí tí Vauxhall gbé jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1958, tó sì kún ojú títì wa nígbà tí bọ̀lẹ̀kájà ṣì ni ọkọ̀ tí tẹrú-tọmọ ń wọ̀. Bọ́dì onígi ló ní, ọwọ́ káfíńtà ìbílẹ̀ ló sì ti jáde. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ onísílíńdà mẹ́fà, ti bẹntiróò, 214 tí àwọn àgbà awakọ̀ mọ̀ bí ẹni mowó: ẹnu sílíńdà jẹ́ íńṣì 3 àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ, ìrìn písítìn jẹ́ íńṣì 4, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 3,519 cc. Obì ni ọkọ̀ yìí fi ìgbà èwe rẹ̀ kó, láti oko káàkiri Rẹ́mọ wá sí Sábó ní Ṣágámù, kí àwọn oníṣòwò Hausa tó gbé e gba òkè Ọya lọ. Nígbà tó yá, Àlàájì gbé e sẹ́yìn ilé ní Ìpẹru, adìyẹ sì fi bọ́dì rẹ̀ ṣe ilé.

Gbogbo ẹni tó bá yà sí ṣọ́ọ̀bù ló ń bi mí pé kí ló dé tí n kò kúkú gbé ẹ́ńjìnnì 911 ti Mercedes sínú rẹ̀. Dísẹ̀lì ni, kò jẹ epo púpọ̀, ibi gbogbo ni èèyàn sì ti lè rí páàtì rẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n Àlàájì ti fọhùn: “Ẹ́ńjìnnì tí mo bá nínú rẹ̀ ni kí o bá mi tún ṣe. Tó bá jẹ́ 911 ni mo fẹ́, mi ò bá ti ra 911.” Ó parí.

Iṣẹ́ tí ọkọ̀ fẹ́ ṣe

Ibẹ̀ ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ kì í dé. Pákó ni lọ́rì yìí yóò máa kó láti Ìjẹ̀bú-Igbó wá sí Ṣágámù, tọ́ọ̀nù méjì sí mẹ́ta. Kò sí ẹni tó ń lé e. Kìlómítà 60 ní wákàtí kan ti tó o. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, yóò kó regbéregbé Àlàájì lọ sí Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọkọ̀ kì í yára ju ẹlẹ́sẹ̀ lọ níbẹ̀: ẹṣin wà níwájú, ìlù wà lẹ́yìn, oòrùn ń ta, kò sì sí atẹ́gùn kankan lójú rédíétọ̀ àyàfi èyí tí fáànù bá fẹ́ sí i.

Nítorí náà, láàárín yípo 600 àti 2,500 ní ìṣẹ́jú kan ni ẹ́ńjìnnì yìí yóò ti lo ayé rẹ̀. Agbára tó bá wà lókè 3,500 kò kàn wá; kò sí ibi tí a ó ti ná an.

Ọmọ Àlàájì, èyí tó ń gbé Lẹ́kí, ní èrò tirẹ̀. Ó mú fóònù jáde, ó fi fídíò píkọ́ọ̀pù Chevrolet àtijọ́ kan ní Amẹ́ríkà hàn mí. Ọkọ̀ náà dúró sójú kan, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń bú gùdù-gùdù.

“Bọ̀ọ̀dá, irú èyí ni kẹ́ ẹ bá wa ṣe. Tá a bá fi wọ Ojúde Ọba, ta ni kò ní yíjú wò wá?”

Mo ní kó fa àga kó jókòó, torí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró.

Ohùn tó gbọ́ yẹn, kámù ló ń fà á. Ìgbà tí kíráńkì (ọ̀pá tí písítìn ń yí) bá yípo lẹ́ẹ̀mejì ni kámṣáàfù ń yípo lẹ́ẹ̀kan. Imú tó yọ lára rẹ̀ ló ń sọ ìgbà tí fáàfù yóò ṣí, bí yóò ṣe ṣí tó, àti ìgbà tí yóò padé. Bí imú bá gbòòrò, fáàfù á pẹ́ kó tó padé. Ó dára fún ẹ́ńjìnnì tó ń sáré, torí afẹ́fẹ́ tó ti ń rọ́ bọ̀ kò ní tètè dúró. Á ṣì máa wọlé bí písítìn tilẹ̀ ti ń padà gòkè. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá ń rọra yí, afẹ́fẹ́ kò ní ipá ìrọ́wọlé yẹn. Písítìn á tì í padà gba ọ̀nà tó gbà wọlé, ohun tí à bá fún mọ́lẹ̀ kí a fi iná sí á sì ti dín kù.

Ní òpin èéfín àti ìbẹ̀rẹ̀ afẹ́fẹ́ tuntun, àsìkò kan wà tí fáàfù méjèèjì máa ń ṣí pọ̀. Bí kámù bá gùn, àsìkò yẹn á gùn, èéfín á máa dà padà sínú mánífóòlù (páìpù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé), iná á máa mú lọ́nà kan, kó kùnà lọ́nà kejì. Gùdù-gùdù tó wu àbúrò mi nìyẹn: ẹ́ńjìnnì tí kò rí èémí mí délẹ̀.

Ó gbọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò gbà á. Bíréèkì ni mo fi yí i lọ́kàn padà. Bíréèkì lọ́rì yìí ní sáfò tó ń ran ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ́wọ́, sáfò náà sì ń lo fákúùmù (agbára ìfàmu) tó ń fà láti mánífóòlù. Ẹ́ńjìnnì tó ń gbọ̀n gùdù-gùdù kì í ní fákúùmù tó tó nǹkan nígbà tí ẹsẹ̀ kò bá sí lórí iná. Ìgbà yẹn gan-an sì ni èèyàn ń tẹ bíréèkì. Mo bi í pé ṣé ó fẹ́ kí bàbá òun àti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lórí bọ́dì onígi, láàárín èrò àti ẹṣin, kí bíréèkì wá le bí òkúta lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀. Ó ti fóònù rẹ̀ padà sápò.

Ohun tí díálì sọ

Mo gbé kámù àtijọ́ náà sórí V-block méjì (irin oníkòtò tí ọ̀pá lè yí lórí rẹ̀), mo fi díálì géèjì tó ń wọn ìdá milimítà lé imú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń fi ọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀. Ojú lè tanni jẹ níbí yìí. Dídán ni gbogbo wọn ń dán, èèyàn á sì rò pé kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn gbé abẹ́rẹ́ díálì sókè ní 6.9 mm. Nígbà tí mo dé imú ìjáde (èyí tó ń ṣí fáàfù èéfín) sílíńdà karùn-ún, abẹ́rẹ́ dúró sí 5.6. Milimítà kan àti díẹ̀ ti lọ. Mo yọ tápẹ́ẹ̀tì, irin kékeré tí imú kámù ń gbé sókè láti ṣí fáàfù, jáde, mo sì fi èékánná họ ojú rẹ̀: ó ti jẹ kòtò sí àárín, etí rẹ̀ sì mú. Tápẹ́ẹ̀tì tó yẹ kó máa yípo nínú ihò rẹ̀ ti dúró lójú kan fún ìgbà pípẹ́, ojú kan náà ló sì ń fi gbo imú kámù.

Nígbà tí mo so páálí oní-dígírì 360 mọ́ iwájú kíráńkì láti wo àsìkò fáàfù, fáàfù ìwọlé ń ṣí ní nǹkan bí dígírì 10 kí písítìn tó dé òkè, ó sì ń padé ní dígírì 46 lẹ́yìn tí písítìn ti kúrò nísàlẹ̀. Kámù jẹ́jẹ́ ni, ti ọkọ̀ akẹ́rù gidi. Àwọn tó ṣe é mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Nọ́ńbà ìparí yẹn, 46, ni mo ń wá. Nínú gbogbo nọ́ńbà tó wà lára káàdì kámù, òun ló so mọ́ kọ̀mpíréṣàn tààrà, torí títí fáàfù ìwọlé yóò fi padé, kò sí ohun tí písítìn ń fún mọ́lẹ̀. Ìwọ̀n kọ̀mpíréṣàn tí wọ́n ń kọ sínú ìwé ka gbogbo ìrìn písítìn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Èyí tí ẹ́ńjìnnì ń rí gan-an bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí fáàfù ti padé.

Ríbóò 40 (ìdá 40 nínú 1,000 íńṣì) ni wọ́n ṣe fún un, nítorí náà sílíńdà kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bí 600 cc báyìí. Bí mo ṣe wọ̀n ọ́ kí n tó gé ohunkóhun, àyè tó ń kù lókè písítìn nígbà tó bá dé òkè pátápátá jẹ́ 103 cc. Ìwọ̀n inú ìwé (àpapọ̀ 600 àti 103, tí a fi 103 pín) á jẹ́ 6.8 sí 1. Pẹ̀lú kámù àtijọ́, písítìn ti gòkè bíi 12 mm kí fáàfù tó padé, nítorí náà èyí tí ẹ́ńjìnnì ń rí jẹ́ nǹkan bí 6.1. Ká ní mo gbọ́ ti fídíò Lẹ́kí, tí mo fi kámù tó ń padé ní dígírì 70 síbẹ̀ láìfọwọ́ kan kọ̀mpíréṣàn, písítìn á ti gòkè bíi 27 mm kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún afẹ́fẹ́. Á já sí 5.3. Lọ́rì tó gbé pákó tọ́ọ̀nù mẹ́ta kò ní lè fi ìyẹn gbéra lójú òkè. Awakọ̀ á máa fi kílọ́ọ̀ṣì ṣe iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì kọ̀. Kí kámù yẹn tó lè bá a mu, mo ní láti gbé ìwọ̀n inú ìwé dé nǹkan bí 8.7, ẹ́ńjìnnì á sì tún máa bèèrè eré tí lọ́rì kò ní í sá láé.

Epo wa

Ẹ́ńjìnnì yìí kò kéré ní kọ̀mpíréṣàn nítorí pé ẹni tó ṣe é jẹ́ ojo. Ìdílé 214 ti wà kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé. Bẹntiróò “pool” tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń pín nígbà ogun ló sì ń lò nígbà náà, ọ́kítéènì rẹ̀ (agbára epo láti má gbiná fúnra rẹ̀) kò ju nǹkan bí 70 lọ. Bí wọ́n bá fún irú epo bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ jù, á gbiná fúnra rẹ̀ kí iná púlọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ ó sì máa gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀-ṣẹ̀kẹ̀ bí lọ́rì bá ń gun òkè. Ohùn yẹn ń lu ihò sórí písítìn.

Bẹntiróò tí à ń rà lónìí sàn ju ìyẹn lọ fíìfíì. Àyè wà láti gòkè díẹ̀. Ṣùgbọ́n irú kan ṣoṣo ló wà ní pọ́ǹbù, kò sí súpà tí èèyàn lè yàn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí èyí tó wà nínú jálá lẹ́bàá títì nígbà tí epo bá wọ́n. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lọ sí 8.5 tí ẹnì kan ní Mushin ń gbà mí níyànjú lé lórí. Ìṣirò ìwé sọ pé láti 6.8 dé 7.5, iṣẹ́ tí a ń rí lára epo kan náà á lọ sókè bí ìdá 3 nínú 100, láti 7.5 dé 8.5, bí ìdá 4 sí i. Ìdá 4 kò tó ohun tí mo lè fi písítìn mẹ́fà ta tẹ́tẹ́ lé lórí, nínú oòrùn Ìjẹ̀bú-Òde, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tí omi rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa hó.

7.5 ni mo mú. Kámù tí yóò bá a lọ ń ṣí fáàfù ìwọlé ní dígírì 12 kí písítìn tó dé òkè, ó ń pa á dé ní 50 lẹ́yìn ìsàlẹ̀. Fáàfù ìjáde ń ṣí ní 50 kí písítìn tó dé ìsàlẹ̀, ó sì ń padé ní 12 lẹ́yìn òkè. Dígírì 242 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń ṣí, fáàfù méjèèjì sì ń ṣí pọ̀ fún dígírì 24 péré. Èyí tí ẹ́ńjìnnì yóò rí á bọ́ sí 6.6. Ó ju ti àtijọ́ lọ ní ìsàlẹ̀, níbi tí a ti nílò rẹ̀, ó sì tún fi díẹ̀ kún un lókè.

Nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀ epo, ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba òjé. Láyé àtijọ́ òjé wà nínú bẹntiróò, ó sì máa ń fi awọ tín-ín-rín bo ìjókòó fáàfù, tí irin gbígbóná kò fi ń lẹ̀ mọ́ irin. Àwọn orílẹ̀-èdè ìsàlẹ̀ Sàhárà fẹnu kò ní Dákà, ní Sẹ̀nẹ̀gà, ní 2001 pé kí òjé kúrò nínú bẹntiróò kí 2005 tó parí. Àlùjíríà ló pa á tì kẹ́yìn ní gbogbo ayé, ní 2021. Ìpinnu rere ni, torí òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ṣùgbọ́n tọ́ọ̀pù sílíńdà Bedford yìí, ìdérí tó bo orí sílíńdà tí fáàfù wà nínú rẹ̀, kò mọ̀ pé ayé ti yí. Ìjókòó fáàfù ìjáde rẹ̀ jẹ́ irin tọ́ọ̀pù náà lásán, fáàfù sì ti wọlé sínú rẹ̀ débi pé méjì kò ní àyè tápẹ́ẹ̀tì mọ́ rárá. A gbẹ́ gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, a fi òrùka irin líle sí i. Ọ̀gá oníléètì ní Ṣágámù ló ṣe é: ó gbé òrùka sínú fíríísà mọ́jú, ó yan tọ́ọ̀pù sílíńdà nínú iná rọra, ó sì gbá wọn wọlé kí gbígbóná àti tútù tó bára wọn dọ́gba. Owó gọbọi ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé kọ̀mpíréṣàn sókè láìṣe èyí, ooru tó fi kún un ni yóò kọ́kọ́ jẹ fáàfù.

Síríǹjì àti kẹrosíìnì

Mo ti rí i tí àwọn ènìyàn ń gé tọ́ọ̀pù sílíńdà nípa “gé e díẹ̀.” Díẹ̀ mélòó? Ohun tí ẹ fẹ́ fi wọ̀n ọ́n kò ju síríǹjì ńlá kan láti kẹ́míìsì lọ, pẹ̀lú pátákó rọ́bà tó ṣeé wò kọjá. Èyí tí mo lò wá láti ojú férémù fọ́tò tó ti fọ́. Mo lu ihò kékeré sí i, mo fi gíríìsì kun etí ìkòkò iná (kòtò inú tọ́ọ̀pù sílíńdà tí epo ti ń jó), mo tẹ rọ́bà náà mọ́ ọn. Fáàfù ti wà níbẹ̀, púlọ́ọ̀gì náà ti wà níbẹ̀. Mo po kẹrosíìnì mọ́ ọ́ìlì gíà pupa díẹ̀ kí ojú lè rí i, mo sì ń fi síríǹjì tì í gba ihò wọlé títí afẹ́fẹ́ tó kẹ́yìn fi rìn lọ sí ẹnu ihò tó sì jáde. Ohun tó bá ti kúrò nínú síríǹjì ni ìwọ̀n ìkòkò yẹn.

Wọn kò dọ́gba. Èyí tó kéré jù gba 80 cc, èyí tó tóbi jù gba 84. Irin tí wọ́n dà sínú iyanrìn ni, ìyẹn kò yà mí lẹ́nu. Mo fi òkúta kékeré orí dírílì họ àwọn tó kéré títí gbogbo wọn fi súnmọ́ ara wọn. Bí mo ti ń họ, mo ń pa gbogbo etí tó mú níbẹ̀, nítorí etí mímú máa ń pọ́n, ó sì ń fi iná sí epo kí púlọ́ọ̀gì tó sọ̀rọ̀. Mo fi 82 ṣe ìṣirò. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń dí àárín tọ́ọ̀pù àti búlọ́ọ̀kù, lẹ́yìn tí a bá ti fún un tán jẹ́ 1.4 mm, ìyẹn 9 cc. Písítìn kì í dé ojú búlọ́ọ̀kù, ó ń ku 0.9 mm, ìyẹn 5. Àwo tó wà lórí písítìn gba 7. Àpapọ̀ rẹ̀ ni 103 tí mo wí lókè.

Kí n tó lè rí 7.5, àyè náà ní láti já sí nǹkan bí 92. A lè rí gbogbo rẹ̀ lára tọ́ọ̀pù sílíńdà, ṣùgbọ́n yóò ju milimítà méjì lọ, ibi tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ rẹ̀ á sì tín-ín-rín. N kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ lára irin tó ti dàgbà tó báyìí. Mo ní kí wọ́n gé 1.5 mm lára tọ́ọ̀pù sílíńdà, kí wọ́n sì gé 0.5 mm lójú búlọ́ọ̀kù, èyí tó nílò rẹ̀ tẹ́lẹ̀ torí ó ti wọ́. Lẹ́yìn gígé, ìkòkò iná jẹ́ 74, àyè písítìn já sí 2 àti díẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì 9, àwo 7. Ó bọ́ sí 92.

Kámù tuntun, tó jẹ́ àlòkù

Kámù tuntun fún ẹ́ńjìnnì yìí kò sí ní ọjà kankan tí mo mọ̀. Wẹ́dà kan ní òun lè fi irin kún imú tó jẹ yẹn kí òun fi fáìlì rún un. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú imú kámù ń gba ìnira tó pọ̀ ju ti ibòmíràn lọ nínú ẹ́ńjìnnì. Irin wẹ́dìn tí wọ́n fi fáìlì rún á bó, bíbó rẹ̀ á sì wọ inú ọ́ìlì lọ pa bíárì.

Ní Òwòdé Onírin ni mo ti rí òmíràn tó ṣì ní gbogbo imú rẹ̀. Ọmọ Àlàájì mìíràn, tó ń gbé ní Ìlú Ọba, gbé e dání nígbà tó ń padà, ó fi fún àwọn tó ń rún kámù níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn nọ́ńbà àsìkò fáàfù tí mo fẹ́ lórí ìwé. Owó rẹ̀ ju ti ríbóò lọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á gé ẹ̀yìn imú wálẹ̀, kí imú lè dà bíi pé ó ga sí i. Ti wa lọ sílẹ̀ ní 0.8 mm lẹ́yìn, ó sì ń gbé tápẹ́ẹ̀tì sókè ní 7.4 mm dípò 6.9.

Gígé tí a gé àti kámù tuntun yìí ń bá púṣírọ́ọ̀dù (ọ̀pá tín-ín-rín láti tápẹ́ẹ̀tì dé rọ́kà, apá tó ń ti fáàfù ṣí) jà ní ọ̀nà òdìkejì, ibí ni mo sì ti gbádùn iṣẹ́ náà jù. Gígé tọ́ọ̀pù sílíńdà àti búlọ́ọ̀kù sún rọ́kà súnmọ́ kámù ní 2 mm, nítorí náà púṣírọ́ọ̀dù ti gùn jù ní 2 mm. Ẹ̀yìn kámù tó lọ sílẹ̀ gba 0.8 padà. Ó ku 1.2. Mo gé ṣíìmù (irin pẹlẹbẹ) 1.2 mm, mo fi sábẹ́ ẹsẹ̀ rọ́kà kọ̀ọ̀kan, mo fi íńkì mákà kun orí fáàfù, mo sì fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì. Ibi tí rọ́kà ti nu íńkì kúrò bọ́ sí àárín gbùngbùn, kò sì fẹ̀ rárá. Ẹni tí kò bá wò ó á kàn fi skúrù tápẹ́ẹ̀tì gba gbogbo rẹ̀, rọ́kà á máa ti fáàfù lẹ́gbẹ̀ẹ́, gáìdì tí fáàfù ń rìn nínú rẹ̀ á sì jẹ.

Ìbẹ̀rẹ̀

Ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ló ń pa kámù tàbí tó ń dá a sí. Tápẹ́ẹ̀tì tuntun ni gbogbo rẹ̀, ojú wọn kò tẹ́jú pátápátá, ó wú díẹ̀ láàárín kí imú kámù lè máa yí wọn. Mo fi oje dúdú tí wọ́n ń ta fún un kun imú kọ̀ọ̀kan, mo da ọ́ìlì tí síńkì pọ̀ nínú rẹ̀ sí i, mo fi dírílì yí pọ́ǹpù ọ́ìlì títí tí ọ́ìlì fi yọ lórí rọ́kà, lẹ́yìn náà ni mo tó fọwọ́ kan kíkì. Bí ó ti mú, a gbé e lọ sí yípo 2,000, a ò sì jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀. Bí ó bá wà ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ọ́ìlì kì í ta dé imú kámù tó.

Mo ti fi ẹfun sàmì sí púṣírọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan tẹ́lẹ̀, mo sì ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀. Ọ́ìlì ń ta sí wa lójú, ọmọ iṣẹ́ mi ń ráhùn, ṣùgbọ́n mo ń rí àmì ẹfun náà tí ń yí, tí ń yí. Mọ́kànlá ń yí. Ìkejìlá dúró gbọin. A pa á lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí mo yọ tápẹ́ẹ̀tì yẹn, ihò rẹ̀ ní ìpẹ́ irin kékeré kan létí. Mo fi sánpépà tín-ín-rín yọ ọ́, mo dá a padà, a tún bẹ̀rẹ̀. Ó yí. Láìsí ẹfun, kámù owó ńlá ì bá ti di irú ti àtijọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ tẹmósítáàtì. Mo mọ̀ pé ohun àkọ́kọ́ tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń sọ nù nìyẹn, wọ́n ní ooru wa pọ̀ jù fún un. Iṣẹ́ tẹmósítáàtì ni kí ẹ́ńjìnnì tètè dé ooru tó yẹ kó sì dúró síbẹ̀; tó bá ń gbóná jù, rédíétọ̀ ló dí, tàbí tàmíńgì iná ló pẹ́.

Tàmíńgì iná tiẹ̀ ni mo dín ní dígírì méjì sí ti tẹ́lẹ̀, torí epo tí a fún dáadáa ń yára jó. Àyè tápẹ́ẹ̀tì jẹ́ 0.33 mm nígbà tó gbóná, bí àwọn tó rún kámù ṣe kọ ọ́.

Lójú títì

Kọ̀mpíréṣàn géèjì fi 125 sí 130 psi hàn ní gbogbo sílíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà; kí a tó tú u, èyí tó dára jù kò dé 100. Fákúùmù dúró sí 19, abẹ́rẹ́ kò mì, sáfò bíréèkì sì ń dáhùn kíá. Ó ń dúró ní yípo 550 láìgbọ̀n.

A di pákó sí i ní Ìjẹ̀bú-Igbó, a gba Òrù àti Ìjẹ̀bú-Òde, a jáde sí ọ̀nà márosẹ̀, a sì kọrí sí Ṣágámù. Níbi tí òkè ti gbé e díẹ̀ lẹ́yìn Odogbolú, mo ní kí awakọ̀ má ṣe yí gíà, kó kàn tẹ iná sí i láti ìsàlẹ̀ pátápátá. Ibẹ̀ ni ṣẹ̀kẹ̀-ṣẹ̀kẹ̀ ti máa ń yọjú tí kọ̀mpíréṣàn bá pọ̀ jù. A gbé ojú fèrèsé wálẹ̀, a dákẹ́. Ọkọ̀ gun òkè náà lórí gíà kẹta láìráhùn. Nígbà tí a dé, mo yọ púlọ́ọ̀gì: mẹ́rin ní àwọ̀ obì, méjì dúdú díẹ̀, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn. Kabúrétọ̀ oní-ẹnu-kan tó wà láàárín kì í pín epo dọ́gba fún sílíńdà mẹ́fà, kámù kankan kò sì lè tún ìyẹn ṣe. Mo dín jẹ́ẹ̀tì rẹ̀ (ihò tí epo ń gbà) ní ìwọ̀n kan, mo sì dúró síbẹ̀, torí bí mo bá tẹ̀lé ti àwọn méjì yẹn, mẹ́rin àárín kò ní rí epo tó.

Àlàájì jókòó síwájú, kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé Ìpẹru. Ó wá ní, “Ó lágbára ju ìgbà tí mo rà á lọ. Kí lo fi sí i?” Mo ṣàlàyé. Ó ní ohun tí òun ń bèèrè ni pé èló ló kù tí òun yóò san.

Ọmọ rẹ̀ gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì lórí fóònù, ó ní ó dára, ó kàn jẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ jù. Mo sọ fún un pé bó bá jẹ́ ti ohùn nìkan ni, sàlẹ́ńsà ni kó sanwó rẹ̀: páìpù tó fẹ̀ díẹ̀ sí i, tó gùn dé ẹ̀yìn bọ́dì, pẹ̀lú sàlẹ́ńsà tí inú rẹ̀ ṣófo tààrà. Kò ní gba nǹkankan lọ́wọ́ bíréèkì. Ó ti fi owó ránṣẹ́. Wẹ́dà ń wá páìpù íńṣì méjì àti ààbọ̀ lọ́wọ́.